Bí a ṣe ń sọ ìwé ínṣọ́ránsì di ètò Prolog: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ pe hackathon ní Èkìtì

Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jóná ní Adó-Èkìtì nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní ínṣọ́ránsì, ó sì ti san owó rẹ̀ pé. Inú báàgì tó máa ń gbé relé lálaalẹ́ ni ìwé rẹ̀ wà, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó bá ọjà jóná. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà sí i pé àwọn kò ní san, nítorí àwọn panápaná kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé àwọn kò mọ ohun tó fa iná náà.

Mo ka ìwé àdéhùn yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo tún un kà. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bí a kò bá mọ ohun tó fa iná, kò sí owó. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn kò ní san bí iná bá ti ara pẹtirólù tí wọ́n kó pamọ́ wá. Ẹni tó kọ lẹ́tà náà ti sọ "a kò mọ̀" di "pẹtirólù ni".

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé ìdí Prolog, èdè kọ̀ǹpútà kan, òun náà ló sì jẹ́ kí n pe àwọn ọ̀dọ́ jọ ní Adó fún odindi ọjọ́ kan (irú ìpéjọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní hackathon) kí a lè sọ ìwé ínṣọ́ránsì di ohun tí kọ̀ǹpútà lè dáhùn ìbéèrè lé lórí. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní ìlú tirẹ̀.

Irú ètò wo ni?

Nínú ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà, ńṣe lẹ máa ń pàṣẹ: ṣe èyí, lẹ́yìn náà ṣe tọ̀hún. Prolog yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ ó sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ fún un, ẹ ó sọ òfin tó de ọ̀rọ̀ náà, ẹ ó wá bi í léèrè. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ọ̀nà tí ìdáhùn fi lè jáde láti inú òfin yẹn. Alain Colmerauer àti Philippe Roussel ló ṣe é ní Marseille, ní ilẹ̀ Faransé, ní 1972, èrò Robert Kowalski sì wà nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní 1986, Kowalski àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù gbé iṣẹ́ kan jáde níbi tí wọ́n ti fi irú ètò yìí kọ òfin ọmọ-ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti 1981. Bí èèyàn bá sọ ibi tí wọ́n bí i àti ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́, ètò náà lè sọ bóyá ọmọ-ìlú ni tàbí kì í ṣe ọmọ-ìlú.

Ìwé ínṣọ́ránsì dára fún irú iṣẹ́ yìí ju òfin ìjọba lọ. Ó kúrú ju òfin lọ, owó ló wà ní òpin rẹ̀, "tí èyí bá ṣẹlẹ̀, a ó san; àfi tí tọ̀hún bá rí bẹ́ẹ̀" ló sì kún inú rẹ̀. Èdè Yorùbá wa pàápàá ti pín in fún wa: "tí… bá" ni òfin, "àfi" ni àyọsílẹ̀.

Àwọn tí ẹ máa pè

Ẹ má pe àwọn tó ń kọ kóòdù nìkan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, òun náà ló sì ń ba ọjọ́ náà jẹ́ jù. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹnìkan tó ń ta ínṣọ́ránsì tàbí tó ti tà á rí, ẹnìkan tó ń kọ́ òfin, ẹnìkan tó mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa, àti ẹnìkan tó ń fi owó ara rẹ̀ san ínṣọ́ránsì: ìyá ọlọ́jà, ọlọ́kadà, àgbẹ̀, awakọ̀. Ẹni kẹrin yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Òun ló ṣòro rí jù, nítorí pé iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀ ni yóò fi sílẹ̀, nítorí náà ẹ múra láti san owó ọjọ́ náà fún un. Mi ò rò pé ó tọ́ kí a fún ọmọ yunifásítì ní ẹ̀bùn, kí ìyá tó pa ṣọ́ọ̀bù dé wá lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Akẹ́kọ̀ọ́ kò wọ́n wa. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá ní ẹ̀ka òfin, Pólì Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Adó níbẹ̀, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sì wà ní Ọ̀yẹ́. Ẹni tó wà ní Ìkọ̀lé, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìjerò lè jí wọ mọ́tò wá sí Adó kí ó sì sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Èyí ló jẹ́ kí ọjọ́ kan péré tó, kí ẹ má baà máa wá ilé tí àlejò máa sùn.

Kí ọjọ́ tó pé

SWI-Prolog, ètò tó ń mú kí Prolog ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, ni kí ẹ lò. Ọ̀fẹ́ ni, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ gbé e dáadáa, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ. Ẹ kó fáìlì rẹ̀ sórí fláàṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ti Windows àti ti Linux, kí ẹ máa gbé e kiri láti tábìlì dé tábìlì. SWISH tún wà, èyí tí èèyàn lè lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgbé ohunkóhun sórí ẹ̀rọ, ó sì dùn ún fi kọ́ni. Ṣùgbọ́n ogójì èèyàn lórí dátà kan ṣoṣo kò ní lọ. Iná lè lọ nígbàkígbà, nítorí náà kí epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, kí olúkúlùkù sì ti gba iná sínú láptọ́ọ̀pù kí ó tó kúrò nílé.

Ìwé àdéhùn ńkọ́? Ẹ má mú ìwé gidi tí orúkọ, nọ́ńbà àti àdírẹ́sì ẹlòmíràn wà lára rẹ̀ wá. Àwọn ìwé yẹn gùn jù pẹ̀lú. Ẹ kọ tiyín, kí ó má ju gbólóhùn márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n kí ó fi ìwà jọ ìwé gidi. Èyí ni mo lò:

1. Tí iná bá jó ọjà inú ṣọ́ọ̀bù láàárín ọjọ́ tí ìwé yìí bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, a ó san iye ọjà tó jóná, kò sì ní ju ₦2,000,000 lọ.
2. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ni yóò fara gbé ₦50,000 àkọ́kọ́ nínú òfò kọ̀ọ̀kan.
3. A kò ní san tí iná bá ti ara pẹtirólù tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù wá, àfi tí ó bá jẹ́ èyí tó wà nínú táǹkì jẹnẹrétọ̀.
4. Ìwé yìí kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí owó rẹ̀ yóò fi wọlé.
5. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ fi tó wa létí láàárín ọjọ́ méje.

Gbólóhùn kẹrin kì í ṣe àrà tèmi. Abala 50 nínú Òfin Ìdójútòfò ti 2003 ló ti sọ ọ́ pé kò sí ààbò láìjẹ́ pé a ti san owó ṣáájú. Òfin tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní 2025 ti rọ́pò òfin yẹn, ìyẹn náà sì jẹ́ ẹ̀kọ́ fún akọ-kóòdù: òfin kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá kọ, ẹ fi ọdún rẹ̀ tì í nínú kọ́mẹ́ǹtì (ọ̀rọ̀ àlàyé tí ẹ̀rọ kì í kà), nítorí pé iná tó jó ní 2024 àti èyí tó jó lónìí lè má sí lábẹ́ òfin kan náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: bíìrò ṣáájú láptọ́ọ̀pù

Fún wákàtí méjì àkọ́kọ́, kí láptọ́ọ̀pù wà ní pípadé. Ẹnìkan á ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sókè, àwọn yòókù á máa fi bíìrò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò dá wọn lójú. Ẹ kọ gbogbo ìbéèrè sára pátákó ńlá kan. Ẹ má dáhùn rẹ̀, ẹ ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀.

Màmá kan tó ń ta ohun èlò ilé ní Ọjà Ọba jókòó sí ẹgbẹ́ kan lọ́jọ́ tiwa. Wọ́n ka gbólóhùn kẹta. Ọmọkùnrin tó fẹ́ kọ kóòdù ti ń gbọ́n ẹsẹ̀, lójú tirẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti yé e.

"Ọmọ mi," ni Màmá wí, "ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ mi sí, kí èéfín má baà pa mí. Kẹ́ẹ̀gì epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lábẹ́ òrùlé. Ṣé inú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn àbí ìta?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Kò sẹ́ni tó lè dáhùn nínú gbogbo gbọ̀ngàn náà. Ọmọbìnrin tó ti ta ínṣọ́ránsì rí ní òun ti ta irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹnìkan kò sì bi òun rí. "Inú ṣọ́ọ̀bù" di ìbéèrè kìíní lórí pátákó wa. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìbéèrè ti di mọ́kànlá: ọjọ́ méje láti ọjọ́ tí iná jó ni, àbí láti ọjọ́ tí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù gbọ́? Tó bá wà ní ìrìnàjò ńkọ́? "Iye ọjà", ṣé iye tó rà á ni àbí iye tó fẹ́ tà á? "Wọlé", ṣé ìgbà tí owó dé ọwọ́ ẹni tó ń ta ínṣọ́ránsì ni, àbí ìgbà tó dé báńkì ilé-iṣẹ́?

Ìgbésẹ̀ kejì: òtítọ́ kan, òfin kan

Fún àwọn tí kò fọwọ́ kan Prolog rí, ẹ fi ohun tí wọ́n mọ̀ lójú pópó bẹ̀rẹ̀. Láti January 2023 ni NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìdójútòfò ní Nàìjíríà, ti gbé owó third party sókè, ìyẹn ínṣọ́ránsì ẹnì kẹta, tí a pè ní `eketa` nísàlẹ̀ yìí. Àwọn nọ́ńbà náà á rí báyìí nínú Prolog:

```
eketa(okada, 3000, 1000000).
eketa(keke, 5000, 2000000).
eketa(moto_ara_eni, 15000, 3000000).
```

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni owó tí onímọ́tò máa san lọ́dún, èkejì ni iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè san lórí ohun-ìní ẹlòmíràn tó bá bàjẹ́. Ẹ bi í pé `?- eketa(keke, Owo, _).` yóò sì dáhùn pé `Owo = 5000`. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ tẹ ìbéèrè yìí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó.

Lẹ́tà ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bíi `Owo`, túmọ̀ sí pé a kò tíì mọ̀ ọ́n; `_` sì ni "ohun yòówù kó jẹ́". Bí ẹnìkan bá kọ `Keke` dípò `keke` nínú ìbéèrè, Prolog kò ní bá a wí. Yóò ka gbogbo ọkọ̀ sí èyí tó bá a mu.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé ṣọ́ọ̀bù

Ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí bo gbólóhùn 1 dé 4. k1 àti k2 ni kíléèmù méjì, ìyẹn ìgbà méjì tí wọ́n béèrè owó òfò; ọdún, oṣù àti ọjọ́ tí a so pọ̀ ni a fi kọ ọjọ́:

```
:- dynamic orisun/2, inu_jenereto/1, owo_wole/2, ofo/2.

bere(iwe1, 20260101).
pari(iwe1, 20261231).
owo_wole(iwe1, 20260105).

kileemu(k1, iwe1, ina, 20260303).
kileemu(k2, iwe1, ina, 20260410).

ofo(k1, 680000).
ofo(k2, 300000).

orisun(k2, petiroolu).

inu_aabo(K) :-
    kileemu(K, Iwe, ina, Ojo),
    bere(Iwe, B), pari(Iwe, P),
    B =< Ojo, Ojo =< P,
    owo_wole(Iwe, W), W =< Ojo.

yo_sile(K) :-
    orisun(K, petiroolu),
    \+ inu_jenereto(K).

san(K, Iye) :-
    inu_aabo(K),
    \+ yo_sile(K),
    ofo(K, Ofo),
    Iye is max(0, min(Ofo, 2000000) - 50000).
```

`:-` ni "tí… bá", kọ́mà ni "àti", `=<` ni "kò ju… lọ", `\+` sì ni "a kò rí ẹ̀rí pé". Ẹ má ka `\+` sí "kì í ṣe". Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wà, a ó sì padà dé bẹ̀.

Tí ẹ bá béèrè `?- san(K, Iye).` yóò ní `K = k1, Iye = 630000`. K2 kò gba nǹkan kan, torí pẹtirólù. Ẹ fi `inu_jenereto(k2).` kún un, k2 náà á gba ₦250,000. Àyọsílẹ̀ inú àyọsílẹ̀ nìyẹn, ẹ sì wò ó bí `\+` méjì ṣe gbé e láìwá gbólóhùn gígùn kan.

Ìlà àkọ́kọ́ tó ní `dynamic` ṣe pàtàkì. Láìsí i, bí kò bá sí òtítọ́ kankan nípa `inu_jenereto`, ẹ̀rọ á pariwo pé òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, á sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dán wò pẹ̀lú ọwọ́ ara yín. Ẹ yọ `inu_jenereto(k2)` kúrò padà, kí ẹ wá gbé `\+ yo_sile(K)` lọ sí ìlà kìíní nínú `san`, ṣáájú `inu_aabo(K)`. Ẹ tún béèrè `?- san(K, Iye).` Yóò dáhùn pé `false`: kò sẹ́ni tó gba owó. Kí ló fà á? K kò tíì ní orúkọ nígbà tí ẹ̀rọ dé ìlà yẹn, nítorí náà ohun tó ń béèrè ni bóyá ẹnikẹ́ni wà tí a yọ sílẹ̀. Ó rí k2, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ayé. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan, ó wá kárí ọjà. Kóòdù náà kò ní àṣìṣe kankan lójú ẹ̀rọ, kò sì sí ìkìlọ̀ tó máa jáde. Òfin tí mo fi lélẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ ni pé `\+` kì í ṣáájú: ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ₦50,000 tó sọnù láàárín gbólóhùn méjì

Ẹ jẹ́ ká ní òfò jẹ́ ₦2,300,000. Bí a ṣe kọ ọ́ sókè, a gé e sí mílíọ̀nù méjì, a wá yọ ₦50,000: ₦1,950,000. Ẹgbẹ́ mìíràn kọ ọ́ báyìí:

```
Iye is min(max(0, Ofo - 50000), 2000000).
```

Wọ́n kọ́kọ́ yọ ₦50,000, ó ku ₦2,250,000, wọ́n wá gé e sí mílíọ̀nù méjì. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù gba mílíọ̀nù méjì gbáko. Ẹgbẹ́ méjèèjì ka ìwé kan náà, kò sì sí ẹni tó ṣì í kà, nítorí pé gbólóhùn 1 àti 2 kò sọ èyí tó ṣáájú.

Àwọn ọmọ òfin á sọ fún yín pé bí ọ̀rọ̀ àdéhùn bá ní ìtumọ̀ méjì, ilé-ẹjọ́ máa ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí kò kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Síbẹ̀, kí kóòdù má ṣe ṣe adájọ́. Ẹ kọ òfin méjèèjì, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, kí ẹ̀rọ sì gbé ìdáhùn méjèèjì síta pẹ̀lú nọ́ńbà ìbéèrè tó bá a mu lórí pátákó. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe báyìí ni mo máa ń fún ní máàkì tó pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ta ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá?

Ẹ padà wo k1. Kò sí `orisun` fún un rárá. A kò mọ ohun tó fa iná. Síbẹ̀ ó gba ₦630,000. Ẹ wá wo òfin tó tẹ̀ lé e yìí:

```
san_leta(K) :-
    inu_aabo(K),
    orisun(K, O),
    O \= petiroolu.
```

`\=` ni "yàtọ̀ sí". Tí a bá kà á sókè, ó dà bíi pé ohun kan náà ni: "a ó san, tí kì í bá ṣe pẹtirólù." Ṣùgbọ́n béèrè nípa k1, yóò ní `false`. Òfin yìí ní kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ mú ohun tó fa iná wá, kó sì jẹ́ ohun mìíràn yàtọ̀ sí pẹtirólù. Òfin ti àkọ́kọ́ ní kí ilé-iṣẹ́ mú ẹ̀rí pẹtirólù wá. Bí wọn kò bá rí i mú wá, kí wọ́n san. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbọ́n mi nìyí, ìlà mẹ́rin péré. Ọjọ́ tí mo kọ ọ́ jáde báyìí ni mo tó lè fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ.

Nínú òfin ìdójútòfò tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń béèrè owó ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé òfò òun bọ́ sábẹ́ ìwé náà. Ilé-iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé àyọsílẹ̀ kan dí i lọ́nà. Bí àyọsílẹ̀ yẹn bá tún ní "àfi" tirẹ̀, ẹrù náà padà sọ́rùn ẹni tó ń béèrè. Ẹ wo `yo_sile` lẹ́ẹ̀kan sí i: ibi tí `\+` wà ni ẹrù ẹ̀rí ti ń kọjá láti orí ẹnìkan sí orí ẹnìkejì. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹni tó ru ẹrù ẹ̀rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ `\+` kọ̀ọ̀kan, nínú kọ́mẹ́ǹtì. Ibi tí wọn kò bá ti mọ orúkọ tí wọ́n máa kọ, kí wọ́n gbé e lọ sórí pátákó.

Ibì kan ṣì kù tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè pa èèyàn lára. Bí `owo_wole` kò bá sí nínú fáìlì, ẹ̀rọ á ní `false`. Ó sì lè jẹ́ pé Màmá ti san owó, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí `false` jáde sí ojú ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ẹ ti kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó kù:

```
beere(K, ojo_ti_owo_wole) :-
    kileemu(K, Iwe, _, _),
    \+ owo_wole(Iwe, _).
beere(K, iye_ofo) :-
    kileemu(K, _, _, _),
    \+ ofo(K, _).
```

Ìdáhùn mẹ́ta ni ètò yín gbọ́dọ̀ ní: a ó san, a kò ní san, ẹ lọ mú èyí wá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ méje

Ọjọ́ tí a kọ bíi 20260303 dára fún mímọ èyí tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀kan yọ èkejì. Láti 28 February sí 1 March 2026, ọjọ́ kan ni. `20260301 - 20260228` á fún yín ní 73. Fún gbólóhùn karùn-ún, ẹ lo èyí tó wà nínú SWI-Prolog fúnra rẹ̀:

```
ojo_laarin(D1, D2, N) :-
    date_time_stamp(D1, S1),
    date_time_stamp(D2, S2),
    N is round((S2 - S1) / 86400).
```

`date(2026,2,28)` lẹ máa kọ fún D1. Èyí tó kù nínú gbólóhùn náà, iṣẹ́ pátákó ni.

Orúkọ ní Yorùbá

Mo fẹ́ kí a fi Yorùbá sọ orúkọ òfin wa, kí Màmá lè ka kóòdù náà pẹ̀lú ẹni tó kọ ọ́. Àmì ohùn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Prolog gba "ọ́" nínú orúkọ, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì fóònù kan lè kọ ọ́ yàtọ̀ sí ti láptọ́ọ̀pù: ojú rí ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀rọ rí ọ̀rọ̀ méjì, ìbéèrè á sì jáde ní `false` láìsí ìkìlọ̀. Bí a bá wá yọ àmì kúrò, oko àgbẹ̀, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ ìyàwó àti ọkọ̀ awakọ̀, gbogbo wọn di `oko`. Ẹgbẹ́ kan tó ń kọ ínṣọ́ránsì kòkó àti ti mọ́tò sínú fáìlì kan ṣoṣo kọ `oko(K)` fún méjèèjì, ọkọ̀ akẹ́rù kan sì gba owó irúgbìn. A fẹnu kò pé kí a yọ àmì, kí a kọ `moto` fún ọkọ̀ àti `oko` fún ti àgbẹ̀ nìkan, kí ìwé ìtumọ̀ orúkọ, tí àmì ohùn pé sí, sì wà ní òkè fáìlì kọ̀ọ̀kan.

Ìdíje fúnra rẹ̀

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan hùmọ̀ kíléèmù mẹ́wàá, kí wọ́n sì gbé e fún ẹgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kíléèmù tó dára ni èyí tó dúró sí ààlà: iná tó jó ní ọjọ́ tí ìwé parí gan-an, òfò tó jẹ́ ₦50,000 géérégé, owó tó wọlé ní ọjọ́ kan náà tí iná jó. (Kóòdù wa san fún èyí tó gbẹ̀yìn yìí. Ṣé ó yẹ? Bí iná bá jó ní òwúrọ̀, tí owó wọlé ní ọ̀sán ńkọ́?)

Nínú ọgọ́rùn-ún máàkì, mo fi ọgbọ̀n sórí ìdáhùn tó tọ̀nà, ogójì sórí àlàyé, ọgbọ̀n sórí ìbéèrè tí ẹgbẹ́ náà rí nínú ìwé. Àlàyé ni pé kí ẹni tó ni ínṣọ́ránsì nínú ẹgbẹ́ yẹn dìde, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tí kíléèmù kan fi gba owó tí òmíràn kò sì gbà, láìjẹ́ pé akọ-kóòdù bá a dá sí i. `trace.` nínú Prolog á fi ọ̀nà tí ẹ̀rọ gbà hàn án ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jọ fi múra sílẹ̀.

Ẹ gbé iyán sí ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìdíje. Ní ọ̀sán, kí ó jẹ́ ohun fúyẹ́, nítorí `\+` kò ṣeé kà pẹ̀lú oorun lójú.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá tú ká

Kóòdù tí ẹ kọ lọ́jọ́ náà kò tíì tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbé lọ bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ìwé ìdánrawò ló dá lé. Pátákó ìbéèrè ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé kan ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tó ni ínṣọ́ránsì kọ̀ọ̀kan mú un dání lọ sílé, kí ó sì bi ẹni tó ń ta á fún un kí ó tó san owó ọdún tó ń bọ̀. Kí ó ní kí wọ́n fi ìwé dá òun lóhùn, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé. Bí àríyànjiyàn bá ti ṣẹlẹ̀ ná, NAICOM ń gba ẹ̀sùn, lẹ́tà tó sì sọ pé "ẹ ń béèrè ẹ̀rí tí ó yẹ kí ẹ̀yin fúnra yín mú wá lórí gbólóhùn kẹta" rọrùn láti dáhùn ju èyí tó kàn sọ pé wọ́n rẹ́ èèyàn jẹ lọ. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ kọ, a sì so ìlà mẹ́rin ti `san_leta` mọ́ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé ní ọ̀rọ̀ ẹnu.

Màmá ti Ọjà Ọba pè mí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ti gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ bá ẹni tó ń ta ínṣọ́ránsì fún un, onítọ̀hún sì ní òun á bi àwọn ọ̀gá òun. Títí wọ́n á fi dáhùn, ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀ kúrò lábẹ́ òrùlé.